Òróró Nínú Ìgò Ẹ̀bùnlọlá

Ní ọdún 2004, bí ẹnikẹ́ni bá bi Ìyá Ẹ̀bùn ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe, èsì kan ṣoṣo ló máa ń fún un: “Ó ń dúró de yunifásítì.” Ìdúró náà ní aṣọ tirẹ̀, ó ní wákàtí ìwọlé, ó sì ní ìdánwò, nítorí Ẹ̀bùnlọlá ti ń kọ́ sáyẹ́ǹsì amúṣẹ́ṣe, ti àyẹ̀wò inú láàbù, ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ìmọ̀ ìṣègùn ló fẹ́ kà tẹ́lẹ̀. Yunifásítì kò gbà á. Ìyá rẹ̀, aṣíwájú àwọn obìnrin aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Festac, ka ilé-ẹ̀kọ́ yìí sí ibùdókọ̀ lásán. Nígbà kan, ó wo ẹ̀wù funfun tí ọmọ náà sá sórí okùn, ó ní, “Ẹ̀wù dókítà rèé o. Ó ku dókítà tó máa wọ̀ ọ́.”

Ohun tí Ẹ̀bùnlọlá kò rí sọ fún ìyá rẹ̀ ni pé òun ti fẹ́ràn iṣẹ́ náà: bí omi tó mọ́ lójú ṣe lè máa purọ́, àti bí ènìyàn ṣe lè fi sùúrù mú un jẹ́wọ́.

Ìdánwò àṣekágbá wọn ni pé kí oníkálukú gbé omi tí wọ́n ń mu nílé wá, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gbẹ́ni Clement, olùkọ́ wọn, ti ṣèlérí pé ẹni tó bá ta yọ lòun yóò mú lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò omi kan. Ipò yìí ni Ẹ̀bùnlọlá ń fọkàn fẹ́, kí ìyá rẹ̀ lè rí i pé òun kò dúró de nǹkan kan mọ́.

Kànga ẹ̀rọ Àlhájì Muhyideen ni gbogbo àdúgbò wọn ń pọn. Àlhájì ń ta ohun èlò oúnjẹ ní Apple Junction. Omi ní tirẹ̀, sàráà ni. Ní òwúrọ̀ ìdánwò, Ẹ̀bùnlọlá bu omi sínú ìgò tó ti sè kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, ó dé e, ó gbé e sórí tábìlì, ó lọ wẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọjá, ó rí ìgò. Ó ṣí i, ó kán òróró àdúrà sí i, ó gbàdúrà tọkàntọkàn, ó sì dé e padà. Bẹ́ẹ̀ ló ti ń fi òróró pa bírò ọmọ náà láti kékeré. A kò sì gbọ́ pé bírò kankan ṣàròyé rí.

Ní ilé-ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Clement gbé ìgò náà síbi ìmọ́lẹ̀. Ojú omi ń dán.

“Epo rèé. Ta ló ni kànga yìí?”

“Àlhájì kan ládùúgbò wa ni, sà.”

“Ó ní jẹnẹrétọ̀ nítòsí ẹ̀?”

“Ó ní i, sà.”

“Ó parí nìyẹn. Epo jẹnẹrétọ̀ ti ń jò wọ ilẹ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, màá sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n wá tì í pa. Àwárí gidi lo ṣe yìí!”

Adébánjí tó jókòó tì í fi ìgúnpá gún un. “Ẹ̀bùn, iṣẹ́ ti bọ́ sí ẹ lọ́wọ́ o.”

Ẹ̀bùnlọlá gbóòórùn ìgò náà. Kì í ṣe òórùn jẹnẹrétọ̀. Òórùn òróró tí ìyá rẹ̀ ń fi pa iwájú orí òun fúnra rẹ̀ ni, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi láti ìgbà tó ti gbọ́n. Bó bá dákẹ́, iṣẹ́ di tirẹ̀, kànga Àlhájì sì di títì. Bó bá sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ di ẹni ẹ̀sín.

“Sà, kànga ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Òróró àdúrà ni. Mọ́mì mi ló kán an sí i.”

Ẹ̀rín bú. “Omi náà ti di àtúnbí nìyẹn!” ni Adébánjí wí.

Ọ̀gbẹ́ni Clement kò rẹ́rìn-ín. “Ẹni tó bu omi ló ń ṣọ́ omi. Màá gé máàkì rẹ. Bu òmíràn wá.”

Nígbà tó ròyìn nílé, ìyá rẹ̀ fara ya. “Òróró Olúwa lo wá ń pè ní ìdọ̀tí?”

“Rárá, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n kò sí nínú kànga tẹ́lẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n tìtorí ẹ̀ ti kànga Àlhájì pa.”

“Àlhájì tó ń fún wa lómi?”

“Àwọn náà ni, mà.”

Ìyá rẹ̀ jókòó.

Omi kejì kò ní epo nínú. Àmọ́ kòkòrò àìfojúrí hù nínú rẹ̀. Ẹni tó gba kànga sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn èké ló wá di ẹlẹ́rìí sí òtítọ́. Bó ti fẹ́ lọ sọ fún Àlhájì, ìyá rẹ̀ wé gèlè. “Èmi náà ń bọ̀. Mo lọ́wọ́ nínú ti àkọ́kọ́.”

Àlhájì tẹ́tí sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. “Ṣé láti inú ilẹ̀ ni?”

“Táǹkì tí ẹ ń fa omi sí ni mo fura sí, sà. Ìdérí rẹ̀ ti fọ́.”

“Háà, àwọn ẹyẹlé tó ń bà lé e yẹn! Mo ṣe bí wọ́n wá gba sàráà ni.” Ó yíjú sí ìyá. “Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ ní ọmọ yìí ń dúró de yunifásítì.”

Ìyá tún gèlè rẹ̀ ṣe. “Iṣẹ́ omi ló ń kọ́, Àlhájì. Ó ti ń kọ́ ọ tipẹ́.”

Adébánjí ni wọ́n mú lọ sí ilé-iṣẹ́ náà. Omi tirẹ̀ kò lẹ́jọ́. Àlhájì fọ táǹkì, ó ra ìdérí tuntun, ó sì ní kí Ẹ̀bùnlọlá tún omi òun yẹ̀ wò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìgò wà lórí tábìlì. Ìyá rẹ̀ yọ sí i pẹ̀lú òróró lọ́wọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ kejì sí ìgò láti òkèèrè.

“Ṣé ó jìnnà tó?” ló bi ọmọ rẹ̀.

“Ó jìnnà tó, mà.”

Ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.