Gbá A Ni Àǹtí Wí, Gbà Á Ni Mo Gbọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Berlin fún yín. Ẹni tó bá ń jẹun, kó dá a dúró ná, kí oúnjẹ má baà há a lọ́fun o!

Ẹ mọ̀ pé Hamburg ni mo ti ń kàwé, Osdorfer Born ni mò ń gbé. American football ni mò ń ṣe ní yunifásítì wa, èyí tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí bí ẹyin. Wide receiver ni wọ́n ń pe ipò mi. Kí niṣẹ́ mi? Kí n sáré bí ẹni tí ajá ń lé, kí n sì fi ọwọ́ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sí mi. Ọ̀fẹ́ ni mo ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá. Ẹgbẹ́ kan tó ń sanwó ní Berlin wá ní kí n wá ṣe tryout, kí wọ́n fi dán mi wò. Bí wọ́n bá mú mi, mo di professional nìyẹn!

Ilé Àǹtí Ṣadé, àbúrò màmá mi, ní àdúgbò Gesundbrunnen ní Berlin ni mo fẹ́ sùn sí. Bí mo ṣe débẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, àǹtí bu ìrẹsì àti dòdò fún mi, wọ́n fi ẹran ńláńlá lé e. Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán ni wọ́n wá gbé jẹ́sì nọ́ńbà 9 jáde. Wọ́n ní lọ́jọ́ kejì, Pfingstmontag, ìyẹn ọjọ́ Ajé ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, ìjọ àwọn máa bá ẹ̀ka Hamburg gbá bọ́ọ̀lù, èmi sì ni striker.

Striker kẹ̀! Èmi tí mi ò lè gbá agolo lójú títì?

Àǹtí ṣí fóònù wọn, wọ́n fi message tí mo kọ hàn mí: "Anti, mo n gba boolu fun uni wa." Ẹ rí i? Kò sí àmì ohùn kankan! Gbígbà ni mo kọ, gbígbá ni àǹtí kà. Wọ́n sì ti sọ fún pásítọ̀, wọ́n ti sọ fún kúáyà. Ó yẹ kí n ṣàlàyé, àmọ́ bẹ́nu bá jẹ, ojú a tì. Mo gba jẹ́sì.

Ní pápá, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá. Mo gbá èkejì, bàtà mi ló fò lọ. Nígbà tí eré fẹ́ parí, tí kò sẹ́ni tó tíì jẹ góòlù, ẹnì kan gbé bọ́ọ̀lù sókè síwájú mi. Àǹtí figbe ta: "Gbá a! Gbá a!" Nínú ariwo yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé "Gbà á!" ni mo gbọ́?

Mo fò sókè, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo fi há abíyá, mo yẹ díákónì méjì sílẹ̀, mo gbé e wọnú àwọ̀n, mo sì là á mọ́lẹ̀ gbàà! Mo tún jó, bí a ṣe ń ṣe nínú eré tiwa!

"Handspiel! Ó fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù!" ni ọmọ àǹtí mi obìnrin ké. Pásítọ̀ Hamburg rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí koríko. Red card ni wọ́n fún mi. Bí a ṣe délé, àǹtí gba jẹ́sì wọn padà lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí gan-an, torí ojú ń tì wọ́n níwájú ìjọ wọn.

Ìgbà yẹn ni mo wá ṣàlàyé. Àǹtí ní àwọn gbọ́dọ̀ fojú ara àwọn rí iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé mi lọ sí tryout nìyẹn.

Kóòṣì ju bọ́ọ̀lù jìnnà, mo sáré, mo fò, mo mú un. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe kanlẹ̀, arákùnrin kan tó tóbi bí fìríìjì kọlù mí, bí eré wa ṣe gbà á, mo dojú bolẹ̀. Kí n tó gbórí sókè, àǹtí ti dórí pápá pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́!

"Ṣé o fẹ́ pa á ni? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn o! Lass ihn! Fi í sílẹ̀!"

Arákùnrin gìrìwò yẹn ń fẹ̀yìn rìn, ó ń bẹ̀ wọ́n. Mo ní ó ti tán fún mi. Ẹgbẹ́ wo ló máa mú ẹni tí àǹtí rẹ̀ ń jà fún?

Àǹtí kúnlẹ̀ tì mí, wọ́n ń nu koríko lójú mi. Wọ́n bi mí bóyá iṣẹ́ tí mo fẹ́ nìyí lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ma. Wọ́n wo bọ́ọ̀lù tí mo ṣì dì mọ́ àyà.

"Ó dáa. Dì í mú dáadáa nígbà náà."

Kóòṣì mú mi o! Ó ní ẹni tó ṣubú tí bọ́ọ̀lù ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lòun ń wá. Ó kàn bẹ̀ mí pé kí àǹtí máa jókòó sí ìjókòó òkè pátápátá, kí wọ́n jìnnà sí pápá.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀? Ẹ fàmì sórí ọ̀rọ̀ yín o! Bí ará ilé ò bá sì mọ iṣẹ́ yín, ẹ mú wọn lọ wò ó, ẹni tó bá rí i ló lè gbè yín. Ẹ̀yin ńkọ́? Message wo ni wọ́n ti kà sódì mọ́ yín lọ́wọ́ rí? Ẹ sọ ọ́ síbí, kó má jẹ́ èmi nìkan ni ojú ń tì!