Ẹyẹ Tí Kò Sá fún Ènìyàn

Ilé tí wọ́n kó egungun àwọn ẹranko ayé àtijọ́ sí ní Berlin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó. Nínú gbogbo wọn, ẹyẹ kan ni mo fẹ́ràn jù. Ó ga ju ilẹ̀kùn lọ, egungun itan rẹ̀ nípọn bí òpó, ṣùgbọ́n kò ní ìyẹ́ apá rárá. Erékùṣù kan tó jìnnà ló ń gbé. Irú rẹ̀ kò sí láyé mọ́.

Ní Sátidé kan, mo mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, lọ wò ó. Ìwé ìyọ̀ǹda kan láti iléèwé rẹ̀ wà nínú báàgì mi tí mo ti ń gbé kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì láìfọwọ́ sí i. Kíláàsì rẹ̀ ń lọ sí Hamburg, wọ́n á sì wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Orí òkun lèmi gbà dé Yúróòpù. Ọkọ̀ wa dojú dé, àwa tó yè kò pọ̀.

Ọmọ mi ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹyẹ náà, ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ẹyẹ yìí kò rí ènìyàn rí, nígbà tí àwọn ọdẹ dé, ṣe ló dúró tó ń wò wọ́n.

"Ṣé o rí i? Àìbẹ̀rù ló pa wọ́n run."

"Mọ́mì, ṣebí ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin, ẹ ṣì wọ ọkọ̀ yẹn."

"Wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí mi yọ. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

"Èmi mọ̀ ọ́n wẹ̀. Bronze ni mo gbà!" Ó na àmì ìlúwẹ̀ẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi rán mọ́ báàgì rẹ̀ sí mi.

Mo tẹ́ ìwé náà sórí báàgì yẹn, mo fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo wọ ọkọ̀ ojú irin tó tẹ̀lé tiwọn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró sí etí omi ní Hamburg títí ọkọ̀ wọn fi padà dé. Mo ń ka orí wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó dín.

"Mọ́mì! Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Mo wá ra ẹja ni."

"Pẹ̀lú táwẹ̀lì méjì?"

Tíṣà wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi gba táwẹ̀lì kan, ó wé e mọ́ ọrùn nítorí atẹ́gùn, a sì jókòó jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ja. Ẹ̀rù omi ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹja náà dùn.