Ojú Warsiti Lára Ọ̀rá

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni Warsiti. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe témpè ní àdúgbò wa nílùú Malang. Bí kì í bá ṣe ti inú tó bí i lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, n kò rò pé mo máa ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀, àfi pé ó máa ń jí ní kùtùkùtù, àti pé ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé adití ni gbogbo wa.

Ẹ̀wà sóyà ló ń sè fi ṣe témpè náà. Á bó èèpo rẹ̀, á rẹ ẹ́ sómi, á tún un sè, á sá a títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ, á wọ́n ìwúkàrà sí i, á wá dì í sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ẹ̀wà náà á ti so mọ́ra, á funfun bí òwú, èèyàn á lè fi ọ̀bẹ gé e bí búrẹ́dì. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún rúpíà ló ń ta ìdì kan. Ìdì náà gùn tó ọwọ́ mi láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ó sì nípọn tó ìka mẹ́ta. Ó dá mi lójú, nítorí òṣùwọ̀n ni mò ń tún ṣe nínú ọjà, ojú mi sì ti mọ́ ìwọ̀n.

Òkè òkun ni ẹ̀wà tá a fi ń ṣe témpè ti ń wá. Ọdún tí dọ́là gbéra, ẹ̀wà náà gbéra. Láàárín oṣù mẹ́rin, ohun tí Warsiti ń rà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kílò kan ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá. Gbogbo àwọn tó ń ṣe témpè ládùúgbò wá ń wojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa fi kún iye.

Àsìkò yẹn ni Wibi dé. Wibi ló fẹ́ Endah, ọmọ kan ṣoṣo tí Warsiti bí. Surabaya ló ti kàwé nípa okòwò, ó sì ti bá ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ọṣẹ ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó dá a dúró. Ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni. Ó jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá ìyá ìyàwó rẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè kí omi ẹ̀wà má baà kàn án.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kan iye o," ló wí. "Iye ni oníbàárà máa ń rántí. Kò sẹ́ni tó ń gbé rúlà lọ sọ́jà. Ẹ dín ìdì náà kù díẹ̀, kí iye dúró síbi tó wà."

"Díẹ̀ báwo?"

"Ìbú ìka kan péré, lápá ibi tó gùn."

"Ṣé ìyẹn kì í ṣe olè jíjà?"

"Háà, Màmá! Gbogbo ilé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe é. Ọṣẹ tẹ́ ẹ fi ń wẹ̀, ṣé bó ṣe tóbi lọ́dún tó kọjá náà ló ṣe tóbi báyìí? Bísíkíìtì ńkọ́? Ta ló bá wọn jà?"

Warsiti wò mí. "Giman, ìwọ lo mọ̀ nípa ìwọ̀n. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

Mo ní n kò mọ nǹkan kan nípa okòwò. Irọ́ ni mo pa. Mo mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń jowú ọmọdé tó kàwé.

Warsiti dín in kù. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó tún dín bó ṣe nípọn kù. Àwọn èèyàn kùn díẹ̀, wọ́n ṣáà rà á. Nígbà tó yá, Wibi gbé ọ̀rá dé, ọ̀rá tí wọ́n ya ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí lára kó lè jọ ewé gidi. Ó ní aráàlú fẹ́ràn ohun àtijọ́, àmọ́ wọn ò fẹ́ kí ewé ba fíríìjì àwọn jẹ́. Ó ku orúkọ àti ojú, ó sì ti rí méjèèjì: "Témpè Ìyá Siti", pẹ̀lú àwòrán ìyá ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà, ó ní kó wọ aṣọ tó ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, kó sì gbé atẹ dání.

"Ta ló ń fi aṣọ ìgbéyàwó fẹ́ ẹ̀wà?" ni Warsiti bi í.

"Àwọn ará Jakarta ò mọ̀, Màmá. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

"Kí ni kí n fi rẹ́rìn-ín? Dọ́là?"

Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ya àwòrán náà. Ẹ̀rín tòótọ́ ni, ìyẹn ló jẹ́ kó máa dùn mí. Wibi gbé ìwé kan fún un kó fọwọ́ sí, ó fọwọ́ sí i. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, n kò ní parọ́. Ó lẹ ọ̀kan lára àwọn ọ̀rá náà mọ́ ògiri ilé ìdáná rẹ̀.

Wibi gba ilé kan sí ẹ̀yìn ìlú, ó gba òṣìṣẹ́ mẹ́fà, ó ní kí Màmá sinmi. Ìwúkàrà nìkan ló kù tí Warsiti ń pò fún wọn. Iṣẹ́ yòókù di ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún, ọkọ̀ sì ń gbé témpè láti ọ̀hún lọ sọ́jà àti sí àwọn ilé ìtajà ńláńlá.

Ó tó oṣù márùn-ún tí nǹkan ń lọ báyìí kí Bàbá Sakri tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ àgbàlá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bàbá Sakri ń ta ìrẹsì àti témpè díndín lẹ́bàá ibùdó rélùwéè, ó sì ti ń ra ọjà Warsiti látìgbà tí Endah ò tíì lè rìn. Mo wà níbẹ̀, mò ń fi epo pa òṣùwọ̀n Warsiti. Bàbá náà mú ìdì témpè kan jáde nínú apẹ̀rẹ̀, ó jù ú sórí tábìlì.

"Warsiti, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí, Bàbá. Kí ló dé?"

"Mo dín in, ó fọ́ sínú epo bí iyanrìn. Awakọ̀ kan ju àwo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ó ní òkúùgbẹ́ ni mò ń fún àwọn jẹ. Èmi! Mo sọ fún un pé ti Warsiti ni, ó ní kí n wojú ẹ lára ọ̀rá, ó ní ò ń fi àwọn rẹ́rìn-ín ni."

Warsiti mú ọ̀bẹ, ó la ìdì náà sí méjì. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fi èékánná fa nǹkan kan jáde láàárín ẹ̀wà. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun, ó sì ní àwọ̀ ewé díẹ̀.

"Ìbẹ́pẹ ni," ló wí. "Ìbẹ́pẹ tí kò pọ́n ni wọ́n rẹ́ sí i."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. N kò tíì gbọ́ ọ kó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù sì bà mí.

A gun alùpùpù mi lọ bá Wibi. Kò sẹ́. Ohun tó múnú bí mi jù nìyẹn: ó dà bí ẹni pé ó ti ń retí kí ẹnì kan bi í, kó lè ṣàlàyé bóun ṣe gbọ́n tó.

"Oríṣi méjì la ń ṣe, Màmá. Èyí tó ń lọ sí ilé ìtajà ńlá, ẹ̀wà nìkan ni, ẹgbẹ̀rún méjìlélógún ni wọ́n ń tà á. Èyí tó ń lọ sọ́jà, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náà ni. Tí a ò bá fi nǹkan kún un, a ó jẹ gbèsè. Àwọn ará ọjà ò lè san ju bẹ́ẹ̀ lọ, a sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́."

"Dúró ná," ni Warsiti wí. "Àwọn tí kò mọ̀ mí rí, àwọn lò ń fún ní ẹ̀wà. Àwọn tó bá mi sin ọkọ mi, àwọn lò ń fún ní ìbẹ́pẹ?"

"Ìbẹ́pẹ kì í pààyàn, Màmá."

"Ojú ta ló wà lára ọ̀rá?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbà."

"Ojú ta ni?"

Abọ́ omi ẹ̀wà kan wà nílẹ̀ níbẹ̀. Warsiti gbé e, ó dà á sí bàtà Wibi, gbogbo rẹ̀ pátá, ó sì gbé abọ́ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró, wọ́n ń wò.

Láti ibẹ̀ ó ní kí n gbé òun lọ sọ́jà. Ó lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń kó gbogbo témpè tó ní ojú rẹ̀ lára sínú àpò, ó ń dá owó àwọn tó ń tà á padà fún wọn látinú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kó wọn tán, ó gun orí àpótí ẹja kan.

"Ẹ gbọ́ o! Ìbẹ́pẹ ló wà nínú nǹkan yìí! Èmi Warsiti ni mo fún wọn ní ojú mi, ẹ̀bi mi ni. Ṣáájú ìbẹ́pẹ pàápàá, mo ti dín in kù lẹ́ẹ̀mejì, n ò sì sọ fún yín. Ẹ ti mọ̀ báyìí!"

Obìnrin kan tó ń ta ata pariwo pé, "A ti mọ̀ tipẹ́, Warsiti! Ìwọ lo rò pé ojú wa fọ́!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Warsiti ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kó àpò mẹ́ta fún ọkùnrin kan tó ń sin pẹ́pẹ́yẹ, a sì lọ sílé.

Ó ránṣẹ́ sí Wibi pé kó yọ ojú òun kúrò lára ọ̀rá. Endah ló mú èsì wá. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń sunkún, ó fi ẹ̀dà ìwé tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí hàn wá. Orúkọ ọjà náà, àwòrán náà, ti Wibi ni lábẹ́ òfin.

"Màmá, ọkọ mi ni. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Mo mọ̀ pé ọkọ ẹ ni. Ojú mi ńkọ́, ojú ta ni? Ojú tó o jọ nìyẹn, Endah. Lọ wo dígí."

Endah dìde, ó lọ, kò sì padà wá fún oṣù mẹ́rin.

Warsiti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nínú àgbàlá rẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò àtijọ́ àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó kọ ọ́ sára pátákó: ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, ìwọ̀n àtijọ́. Bí wọ́n ṣe bú u, ẹnu ò gbà á sọ.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ! Ṣé ẹran màlúù ló wà nínú ẹ̀ ni?"

"Ẹ̀wà ni. Ẹ̀wà nìkan. Tó bá pọ̀ jù fún ẹ, san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kí n gé ààbọ̀ fún ẹ níṣojú ẹ. Tí ìyẹn náà bá pọ̀ jù, jẹ ìbẹ́pẹ."

Ìdajì àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ. Bàbá Sakri padà wá, àmọ́ nígbà tí Warsiti gbọ́ pé ó ń gé témpè náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún àwọn awakọ̀, ó rìn dé ibùdó rélùwéè láti lọ bá a jà. "Ẹ fi kún iye!" ló ń pariwo. "Ẹ fi kún un, kẹ́ ẹ sọ fún wọn! Ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe!" Arúgbó náà fún un ní tíì, ó sì fi kún iye.

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n gbé òun lọ sí ilé ìtajà ńlá tó wà ní àárín ìlú. Kò sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó rìn lọ tààrà síbi tí ẹ̀rọ amóhuntutù wà. Ojú rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, ogún tàbí ọgbọ̀n Warsiti, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dojú wọn bolẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀ṣọ́ kan sáré wá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ọjà tẹ́ ò bá fẹ́ rà."

Kò dá a lóhùn, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin náà mú ìdì kan, ó fẹ́ dá a padà. Ó wo àwòrán, ó wo Warsiti, ó tún wo àwòrán.

"Ẹ̀yin kọ́ nìyí, Màmá?"

"Kì í ṣe èmi," ni Warsiti dáhùn. "Wọ́n kàn jí i ni."

Ọmọ náà bá a dojú àwọn tó kù bolẹ̀, lẹ́yìn náà ló tẹ̀ lé wa títí dé ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má padà wá nítorí iṣẹ́ òun. Warsiti ṣèlérí fún un.

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ dé. Endah àti Wibi wá, bí gbogbo ọmọ ṣe ń wá. Wibi kúnlẹ̀ níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní kó dárí ẹ̀ṣẹ̀ tóun mọ̀ àti èyí tóun ò mọ̀ ji òun.

Warsiti ò na ọwọ́ sí i. "Èyí tó ò mọ̀, mo ti dárí ẹ̀ jì ẹ́," ló wí. "Èyí tó o mọ̀, ó wà lára ọ̀rá. Tó o bá yọ ọ́, wá kúnlẹ̀."

Ìyàwó mi fẹ́ dá sí i, mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan níbi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yìí, ibi ìdákẹ́ ni. Wibi dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. Warsiti bu oúnjẹ fún un, ó bù ú kún, nítorí àlejò ni, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Oṣù méje lẹ́yìn ìgbà náà ni ojú rẹ̀ kúrò lára ọ̀rá. Kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn ló yọ ọ́, ilé ìtajà ńlá náà ló gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbẹ́pẹ, ó sì ní òun fẹ́ àwòrán mìíràn. Arúgbó kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà ló wà níbẹ̀ báyìí. Eyín rẹ̀ pé, kò sì jọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa. Wibi ò wá kúnlẹ̀. Endah ló ń dá wá ní ọjọ́ Sunday, ó ń bá ìyá rẹ̀ bó èèpo ẹ̀wà, wọn kì í sì í dárúkọ ọkùnrin náà. Ẹ̀wà tún ti gbówó lórí lóṣù tó kọjá. Warsiti nu pátákó rẹ̀, ó kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án sí i, ó gbé àga sí abẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ó ń dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ bú u.