Itọ́ Lẹ́yìn Ẹ̀wù Kóòṣì

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé òdòdó dání lọ́jọ́ ìrántí kóòṣì wa. Ìríra ló mú mi, kò sì tíì fi mí sílẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ ti kọ ti kóòṣì sínú ìwé ìròyìn, wọ́n ti ka góòlù, wọ́n ti ka ife-ẹ̀yẹ. Ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ, ẹni tó fọ aṣọ ikọ̀ wa fún ọdún mẹ́rìnlélógún kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé lóṣù tó kọjá. Màmá Afọṣọ ni gbogbo pápá ń pè é. Ìwé ìròyìn kankan ò dárúkọ rẹ̀ rí.

Yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lábẹ́ ìjókòó àwọn òǹwòran. Kò ní fèrèsé, àfi ihò kékeré kan lókè ògiri. Ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn a sì máa jó kiri yàrá bó bá ń ṣiṣẹ́, tí ẹ̀gbọ́n mi á fi ìdí tì í padà sáyè rẹ̀ láìdá ọ̀rọ̀ tó ń sọ dúró. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Òun náà ló bá mi wá ìsọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà pápá, níbi tí mo ti ń rán bàtà àwọn agbábọ́ọ̀lù títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í wo bọ́ọ̀lù. Ara aṣọ ló ti ń mọ bí wọ́n ṣe gbá a. Jẹ́sì tó bá mọ́ jù lẹ́yìn eré, ó mọ̀ pé olúwa rẹ̀ ò sáré. Á ní, "Èyí kàn wá gba atẹ́gùn ni." Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Òfin méjì ló ní: àbàwọ́n ò gbọdọ̀ bá aṣọ jáde ní yàrá rẹ̀, aṣọ ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sùn níbẹ̀ ju ọjọ́ méjì lọ.

Ẹ̀wù òtútù dúdú kan ṣoṣo ni kóòṣì wọ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ìyàwó rẹ̀ ti fi aṣọ lẹ ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀wù náà méjèèjì. Kóòṣì kì í rán ẹnikẹ́ni gbé e wá fún fífọ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń gbé e wá láràárọ̀ Mọ́ńdè, á kanlẹ̀kùn, á sì dúró títí wọ́n á fi ní kó wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi á ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù náà, á yọ èérún bisikíìtì.

"Kóòṣì, ṣé eku lẹ ń sìn sínú ibí yìí ni?"

"Ẹ forí jì mí, màmá. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo wá ń jẹun."

Omi tútù ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń fọ̀ ọ́, ọwọ́ lásán, kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ fẹnu kàn án.

Ọdún tí nǹkan bà jẹ́, a pàdánù eré tó kẹ́yìn pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí òdo, a sì já sí líìgì kejì. Ọkùnrin tó gba ife-ẹ̀yẹ méjì fún wa di ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Abẹ́ ibi tí àwa alátìlẹ́yìn ń jókòó sí ni wọ́n ń gbà wọlé láti pápá. A sáré lọ dì mọ́ irin, a sì ń retí rẹ̀. Ohùn-Gooro, alága ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn wa, ló kọ́kọ́ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ó fà á láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó sì tu ú sẹ́yìn kóòṣì. Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan ju ṣingọ́ọ̀mù ẹnu wọn mọ́ ọn. Èmi náà wà níbẹ̀, mo sì tutọ́. Mi ò ní parọ́ fún yín. Kóòṣì ò sáré, kò gbójú sókè. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni nígbà yẹn.

Irọ́ tí mo pa, ẹ̀gbọ́n mi ni mo pa á fún. Mo ní mo ti lọ sílé kí eré tó parí.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kóòṣì gbà lọ tààrà. Ó ti bọ́ ẹ̀wù náà, ó ti ká a ní òdì kí ìdọ̀tí má bàa yọ síta. "Màmá, ẹ má bínú, tòní le díẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ìyàwó mi rí i báyìí. Tó bá ti mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e wá sílé."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kó tó di Wẹ́sidé, ó ti délé yín."

Ìgbà tó jáde tán ni ẹ̀gbọ́n mi tú u wò, ó sì bì. Ó sọ ọ́ sínú ọ̀rá, ó so ó lẹ́nu, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ní ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì wọ́n lé kóòṣì. Ọ̀la yẹn di oṣù mẹ́rìnlá lọ́wọ́ ẹni tí kì í jẹ́ kí aṣọ sùn ju ọjọ́ méjì lọ. A gbọ́ pé àìsàn dá kóòṣì wólẹ̀, kò sẹ́ni tó lọ wò ó nínú wa. Ẹ̀gbọ́n mi náà ò lọ. "Ọwọ́ òfìfo yìí ni màá fi kan ilẹ̀kùn rẹ̀?" Ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Títí tí ọkùnrin náà fi kú.

Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ẹ ò rí òdòdó lẹ́nu géètì pápá! Ẹ ò rí àwòrán, ẹ ò rí àwọn géńdé ọkùnrin tó ń dì mọ́ ara wọn sunkún! Ohùn-Gooro bọ́ sórí rédíò, ó ní, "A fẹ́ràn bàbá wa dé òpin." Inú ìsọ̀ mi ni mo wà. Mo pa rédíò náà, mo sì fọ ẹnu mi.

Lọ́jọ́ Tọ́sidé, mo kó bàtà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní yàrá rẹ̀, ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí Ohùn-Gooro àti ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wọlé.

"Ẹ káàsán, Màmá Afọṣọ. Wọ́n ní ẹ̀wù dúdú bàbá wa wà lọ́dọ̀ yín. A ti kan àpótí gíláàsì tá a máa gbé e sí, ìyàwó rẹ̀ ló máa ṣí i lọ́jọ́ ìrántí, ní Sátidé."

"Kò tíì mọ́."

"Ẹ fọ̀ ọ́ nígbà náà. Àbí iṣẹ́ yín kọ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi já ọ̀rá náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó tú u, ó tẹ́ ẹ̀wù náà sórí tábìlì. Òórùn tó jáde níbẹ̀ lé ọmọ ẹgbẹ́ wa yẹn dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀wù ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ṣingọ́ọ̀mù ti gan mọ́ ọn.

Ohùn-Gooro di imú. "Kí lèyí?"

"Itọ́ yín ni, Alága. Ẹ ò dá a mọ̀ mọ́? Òótọ́ ni, ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé."

"Kì í ṣe èmi nìkan o!"

"Mo mọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rèé, omi wà nínú báàfù. Ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ọwọ́ tó na búrọ́ọ̀ṣì sí òun ò kúrò lókè, ojú rẹ̀ yí padà. "Màmá, ẹ rántí pé mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ ikọ̀ báyìí. A máa ṣèpàdé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ yàrá yìí sì wà níbẹ̀."

"Ẹ bá mi kí wọn."

Bí wọ́n ṣe ń lọ, mo gbọ́ tí ìkejì rẹ̀ ń sọ fún un pé irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ kún ṣọ́ọ̀bù, ta ló máa mọ̀?

Òótọ́ sì ni, kò sẹ́ni tó mọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀wù tuntun ló wà nínú gíláàsì, okùn tí wọ́n fi so ìwé iye owó mọ́ ọn ṣì ń yọjú lápá. Ìyàwó kóòṣì ṣí aṣọ lórí àpótí. Ó wo ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀wù náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣé," ó sì padà lọ jókòó. Àwọn èèyàn wa tò, wọ́n ń fẹnu ko gíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Ohùn-Gooro, omi ẹnu rẹ̀ ṣẹ́kù sára gíláàsì, ó fi ọwọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ nù ún, ó sì bú sẹ́kún. Mo bọ́ sẹ́yìn, mo gba abẹ́ ìjókòó lọ sí yàrá ẹ̀gbọ́n mi.

Ó jókòó ti báàfù. Ẹ̀wù náà wà nínú omi tútù, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè omi, kò kàn án.

"Mo ti ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀," ó ní. "Mo ní mò ń gbé e bọ̀ lọ́la. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú látàárọ̀. Bí ọwọ́ mi bá ti kàn án, màá tún fà á yọ."

Mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè. "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́."

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ṣebí o ti lọ sílé lọ́jọ́ náà."

Mo wo ilẹ̀. Ó wò mí bó ṣe máa ń wo jẹ́sì tó bá mọ́ jù. Mo rò pé ó máa gbá mi létí, ì bá sì dára bó bá gbá mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó fa ẹ̀wù náà jáde nínú omi, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó sì sún un sábẹ́ iná.

"Fi tìẹ hàn mí."

Mo fi ojú sún mọ́ ọn. Mo wá a láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, mo tún wá a padà. Gbogbo rẹ̀ ló jọra. Mi ò rí èyí tí mo lè nàka sí pé kì í ṣe tèmi. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn.