Agolo Èékánná Bàbá Kékeré

Bí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, bá gé èékánná, inú agolo mílíìkì ló ń kó o sí.

Láábù ilé ìwòsàn kan ní Minna ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún tí a gba òmìnira ni wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Ìbàdàn. Níbẹ̀ ló ti rí ẹran ara obìnrin kan tó ti kú, tí ẹran náà ṣì ń pọ̀ sí i nínú ìgò, tí àwọn oníṣègùn ń fi ṣiṣẹ́ ìwádìí.

Ó ní òun fi èdè Haúsá kí i kú iṣẹ́: "Sannu da aiki, ìyá."

Láti ìgbà náà, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á fara ti ògiri. "Kai, ó ti rẹ̀ mí. Èmi ṣáà máa sinmi lọ́jọ́ kan. Ìyá yẹn ńkọ́?"

Nígbà tó kú, ìyàwó rẹ̀ gbé agolo náà sínú pósí, ó ní:

"Ẹ ò fi nǹkan kan sílẹ̀ tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́, Bàbá wa. Ẹ sinmi."