Ohùn Ń Wọlé, Ọ̀rọ̀ Ò Dúró

Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú nígbà tí mò ń ti Olúpọ̀nnà bọ̀, mo sì forí gbálẹ̀. Nígbà tí mo fi kúrò ní ọsibítù, ojú egbò ti jinná, etí mi sì ń gbọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, tàbí tí rédíò ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ mi lórí. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo kàn ń mi orí ni.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ń ké nítòsí, ìyá ọkọ mi ní kí n rẹ àgbàdo sómi fún ògì, kí n bu ẹ̀wà fún aládùúgbò wa. Ẹ̀wà ni mo rẹ, mo wá gbé àgbàdo lọ fún aládùúgbò. Nígbà tí ìyá ọkọ mi rí i, mo kúnlẹ̀, mo rò pé wọ́n á bínú.

Wọ́n ní, “Ṣé o gbọ́ mi nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀?”

“Mo gbọ́ ohùn yín, Màmá. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ò dúró.”

Wọ́n fà mí dìde.

Ọjọ́ pẹ́ tí Màmá ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀: wọ́n á sún mọ́ mi, wọ́n á dúró títí n ó fi wo ojú wọn, wọ́n á sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, èmi náà á sì sọ ọ́ padà. Ọkọ mi, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ni wọ́n kìlọ̀ fún jù. Ó wá di pé ó ń pa rédíò kó tó kí mi.

Ara mi ò tíì padà sípò tán. Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, èrò kún ilé, orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì. Màmá mú mi wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe gbé àwọn níyàwó láti Ilé-Ogbó wá sí Ìwó, tí wọ́n wá bá ìyáálé nílé. Ìtàn náà gùn. Nígbà tí wọ́n dánu dúró láti mumi, mo bi wọ́n pé, “Kí wá ni ìyáálé yín ṣe nígbà tó rí yín?”

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n gbé ife omi sílẹ̀, wọ́n sì ń bá ìtàn náà lọ.