Ohun Tí Rhoda Sọ Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìdáná

Ní àdúgbò Dadin Kowa ní ìlú Jos, bí ènìyàn bá bèèrè Màmá Yúnífọ́ọ̀mù, ọmọdé ni yóò mú un débẹ̀. Olúyẹ́misí ni orúkọ rẹ̀. Ọdún kẹtàlélógún rèé tó ti ń rán aṣọ ilé ìwé, kò sì sí ọmọ àdúgbò tí òun kò tíì fi tẹ́ẹ̀pù wọn èjìká rẹ̀. Jos ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló ti Èkìtì wá, tíṣà tí ìjọba gbé wá sí Plateau, tí kò sì padà sílé mọ́ títí ó fi kú.

Bàbá yìí ní òfin kan. Hausa wà fún ọjà, ó wà fún ojú títì àti fún ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti wọlé, Yorùbá ni. Ẹni tó bá gbàgbé, bàbá kì í nà án, kì í bú u. Yóò kàn kọjú síwájú, yóò ní, "A ò gbọ́ o." Gbogbo ilé á sì ṣe bí ẹni pé atẹ́gùn ló fẹ́ kọjá, títí ọmọ náà yóò fi tún un sọ ní Yorùbá. Olúyẹ́misí rántí ọjọ́ tí òun ṣubú, tí orúnkún òun bó yánnayànna, tí wọ́n ní kí òun kọ́kọ́ wá èdè tó yẹ kí òun fi sunkún.

Nígbà tí òun náà lọ sílé ọkọ, ó gbé òfin náà dání bí ẹrù ìyàwó. Ọkọ rẹ̀ kú, òfin kò kú. Rhoda nìkan ni ọmọ tí Ọlọ́run fún wọn. Rhoda a máa gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ sọ ọ́, bí ẹni tó ń fo orí òkúta kọjá odò ni. Hausa ló fi ń ṣeré, òun ló fi ń ṣírò, òun ló fi ń lálàá. Nínú ilé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju "Ẹ káàárọ̀ mà," "Mo ti jẹun mà," àti "Ó dàárọ̀ mà" lọ. Ìyá rẹ̀ rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Ó ti fi dúpẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì rí pé ọmọ òun kì í ṣe aláriwo.

Ọdún tí Rhoda pé ọmọ ogún ọdún ló ti ilé ìwé gíga dé láàárín sáà, tí kò sì padà lọ. Ó ń sùn ṣáá. Bí wọn ò bá lé e, kò ní wẹ̀. Ìyá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó tún gba ti ọjọ́ méje. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wá, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n kọrin. Rhoda dúró láàárín wọn bí ẹni tí wọ́n ń wọn aṣọ fún.

Àdúrà Olúyẹ́misí kò gùn: "Olúwa, ṣí ọmọ yìí lẹ́nu."

Ẹnu náà ṣí lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọyẹ́. Olúyẹ́misí ń bó ànàmọ́ òyìnbó ní ilé ìdáná, ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò ń bú lẹ́yìn ògiri. Rhoda wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi orí ti férémù ilẹ̀kùn.

"Mama, ba na so in ci gaba."

Pé òun kò fẹ́ máa bá a lọ mọ́. Ìyá gbọ́ ọ kedere. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni. Ohun tó wá sí i lẹ́nu sì ni èyí tó ti ń gbé ibẹ̀ láti kékeré. Kò gbójú sókè.

"A ò gbọ́ o."

Rhoda ya ẹnu. "Mi ò... mi ò fẹ́..." Ó wá ìyókù, kò rí i. "Kò sí nǹkan, mà."

Ó yí padà.

Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn aládùúgbò ló bá ìyá fọ́ ilẹ̀kùn yàrá tí Rhoda ti ara rẹ̀ mọ́. Ọlọ́run ṣàánú, wọ́n bá a kí ẹ̀mí tó bọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní ilé ìwòsàn. Dókítà tó dá wọn sílẹ̀ kọ àdírẹ́sì kan sórí ìwé, ibì kan lọ́nà Kuru tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ọ̀dọ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. "Ẹ má jẹ́ kó pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, mà."

Yàrá méjì ni ibẹ̀, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì kan níta fún òbí. Veronica, obìnrin ará Du tó ń bójú tó ibẹ̀, fi ẹ̀rín pàdé wọn.

"Sannu da zuwa, Mama. Rhoda, wọlé. Mama, ìta ni tiyín o."

Ọkùnrin kan, Bàbá Taofeeq, mẹkáníìkì tí ọmọ tirẹ̀ náà wà nínú, sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. "Haba, Màmá, ẹ tújú ká. Àwa la sanwó ilé ìwé, àwa náà ni wọ́n wá lé jáde ní kíláàsì."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ohùn kan gba ojú fèrèsé jáde. Kò mú ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, ó kàn mọ̀ pé Hausa ni, ó ń ṣàn, ó ń sáré, ó dúró, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ ta nìyẹn?"

Bàbá Taofeeq wò ó títí. "Màmá, ọmọ tẹ́ ẹ mú wá ni."

Nígbà tí Olúyẹ́misí délé, ó kúnlẹ̀, àdúrà kò wá. Ó gba Ọlọ́run gbọ́, kò yẹ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀ Ẹ́ pé kó ṣí ọmọ òun lẹ́nu, Ó sì ṣí i fún àlejò. Bí kò bá sì sí èdè tí Ọlọ́run kò gbọ́, a jẹ́ pé Ó wà ní ilé ìdáná lọ́jọ́ náà, Ó gbọ́ ohun tí ọmọ wí, Ó sì gbọ́ èsì ìyá. Kí ló dé tí kò fi ọwọ́ bo ìyá lẹ́nu? Ó rò ó dé ibẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó tọrọ ìdáríjì. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ kó tó dìde. Kò mọ̀ bóyá wọ́n dárí jì í.

Ní Ọjọ́bọ̀ keje, Veronica jáde wá mú un wọlé. Rhoda jókòó lórí àga ike, ó fa ọwọ́ súwẹ́tà bo ìka.

"Mama," ni Veronica wí, "ìbéèrè kan ló fẹ́ bi yín. Ó ní Hausa lòun máa fi bèèrè."

"Kó bèèrè."

"Mama, ran nan, kin ji ni?"

Ṣé ẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ náà? Kí ìyá tó fèsì, Rhoda ti ń fi kún un pé ẹ̀rọ ìlọta ń pariwo, pé láti ilé ìwòsàn lòun ti ń rò ó, pé bóyá ìyá kàn gbọ́ pé Hausa ni, kò mọ ohun tí òun ń wí. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀.

Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ká irọ́ náà, tó nà án sí i. Kó kàn gbà á ni, àwọn méjèèjì á jọ wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Olúyẹ́misí ké sí Olúwa nínú ọkàn rẹ̀. Kò gbọ́ ohunkóhun. Ó dà bí ẹni pé òun nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

"Na ji," ó ní. "Na ji komai." Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́, Rhoda. Ẹ̀rọ kò dí mi létí.

Rhoda kò sunkún. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti ń retí èsì ìdánwò kan, tó wá rí i.

"To," ó ní. "Mo fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ Anti Olúwafúnmilọ́lá."

Àbúrò bàbá rẹ̀ nìyẹn, ní Du. Ìyá fẹ́ kúnlẹ̀, Veronica dì í lápá mú.

"Ẹ jẹ́ kó lọ, Mama."

"Ṣé á padà wá?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ gba irọ́ yẹn, ọjọ́ kan ni ì bá tú, ì bá sì bá a níbi tó dá wà."

Oṣù márùn-ún rèé. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Olúyẹ́misí a máa dúpẹ́ pé ọmọ òun wà láàyè, ìjọ á ní Àmín, kì í sọ ìyókù. Ní Ọjọ́bọ̀, á ti máṣíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà Kuru. Rhoda á jáde, á kúnlẹ̀ kí i, bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá bi í pé, "Ṣé ara yá?"

Rhoda ronú sí i.

"Lónìí, ó yá díẹ̀, mà."

Lẹ́yìn náà ó wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Du.